Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Gbọdọ̀ Fẹ̀yìn Rìn

Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní Gonzagueville, ní Abidjan, tí ẹ lọ sí ọjà Treichville tí ẹ sì padà dé, ibi tí ẹ gbé e sí náà ni ẹ ó ti bá a. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, iyanrìn ló wà láàárín méjèèjì. Nínú gbogbo àdúgbò náà, kò sí òkè kan tí ewúrẹ́ lè gùn kó fi yangàn fún ewúrẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni Ààrẹ Casimir Olútóyè pinnu láti ṣe ọkọ̀ ojú irin orí òkè sí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìdí, ó yẹ ká gbọ́ ìdí rẹ̀ ká tó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bí a bá gbọ́ ọ tán, ẹ̀rín náà á tilẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ilé re ni Casimir. Porto-Novo ni bàbá-bàbá rẹ̀ ti wá sí Abidjan, nígbà tí àwọn Faransé ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa bá wọn jókòó sí ọ́fíìsì. Casimir fúnra rẹ̀ ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Etí-Òkun, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ Yorùbá ní àdúgbò náà, àwọn ọmọ Porto-Novo àti Kétou pẹ̀lú àwọn ará Ẹjìgbò tó ti Nàìjíríà wá. Ẹgbẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ ìrìnnà kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní bọ́ọ̀sì méjì. Ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì méjèèjì máa ń rìn. Nítorí bọ́ọ̀sì tó ń rìn yìí, orúkọ oyè Casimir ni Président-Directeur Général, Olùlànà-fún-Ọ̀pọ̀, Baba Ìrìnnà Etí-Òkun Gbogbo, ẹni tó bá sì fẹ́ kí i láàárọ̀ gbọ́dọ̀ pe gbogbo rẹ̀ tán kó tó béèrè bó ṣe sùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni nígbà tí èrò bá ń wọlé, èrò á sì ti bínú bọ́ sílẹ̀ kó tó dé "Etí-Òkun Gbogbo."

Ohun kan ló ń jẹ Casimir lọ́kàn láyé yìí: iwájú. Ó gbà pé ẹni tó bá wà níwájú ló ni nǹkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni. Níbi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ, òun ló máa ń ṣáájú ìyàwó wọlé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sìnkú, ó rìn títí ó fi kọjá pósí, ó di ẹni tó ṣíwájú òkú. Àlùfáà ní láti sún mọ́ ọn kó sọ ọ́ sí i létí pé, "Monsieur Olútóyè, ẹ jọ̀ọ́, òkú ló ni ọjọ́ òní." Casimir sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó dùn ún dọ́kàn. Ó rò ó pé òkú náà kò tilẹ̀ di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè sí Japan. Wọ́n ń ṣe ìpàtẹ kan níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìrìnnà kéékèèké, Casimir sì lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó àwọn àlejò lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní agbègbè olókè kan. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló ń wà á gba àárín igbó igi gíga, odò tó mọ́ gaara sì ń ṣàn nísàlẹ̀. Ẹwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, Casimir kò sì rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ló ń wò. Bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun á dúró ṣánṣán, á sì tẹrí ba.

Àṣà wọn nìyẹn. Ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni Casimir. Lójú tiwa, ẹni tó bá tẹrí ba, ẹnì kan pàtó ló tẹ̀ ẹ́ fún. Casimir wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlòmíràn tó tó bẹ́ẹ̀ nínú wàgọ́nù náà.

"Orúkọ mi ti ṣáájú mi dé ibí," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì ń súre fún Japan láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ dúró láàárín òkè, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọjà. Awakọ̀ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láti iwájú, ó ń gba àárín èrò kọjá, ó ń tẹrí ba fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Ó dé ọ̀dọ̀ Casimir, ó tẹrí ba fún òun náà. Casimir fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó tó, ọmọ mi. Dìde. Ọlọ́run á gbé ọ ga."

Awakọ̀ tún tẹrí ba, ó sì kọjá lọ. Inú Casimir dùn débi pé oorun gbé e lọ. Nígbà tó fi la ojú, ọkọ̀ tún ti dúró, awakọ̀ kan náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó tún ń tẹrí ba. Omi lé ròrò sí Casimir lójú. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ènìyàn dá odindi ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì lórí òkè nítorí àtikí òun!

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀ ká ṣàlàyé. Ẹ mú bírò, ẹ kọ lẹ́tà Z gàdàgbà sórí ìwé. Bí òkè bá ga jù, ọkọ̀ ojú irin kò lè gùn ún ní tààrà, nítorí ẹsẹ̀ irin lórí irin máa ń yọ̀. Nítorí náà wọ́n á tẹ́ ojú irin sí ara òkè bíi Z. Ọkọ̀ á fi iwájú gba ìlà ìsàlẹ̀ dé igun kìn-ín-ní, níbi tí ojú irin ti parí. Awakọ̀ á rìn lọ sí ìdí ọkọ̀, nítorí ìdarí wà lórí, ó wà nídìí. Ọkọ̀ á wá fẹ̀yìn gun ìlà àárín lọ sí igun kejì. Níbẹ̀, awakọ̀ á padà síwájú, wọ́n á sì fi iwájú gba ìlà òkè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣé ó yé wa? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkọ̀ fẹ̀yìn rìn, láàárín ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn náà ni Casimir fi sùn.

Nígbà tó dé Abidjan, ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. "Mo lọ sí Japan, Japan sì rí mi! Òkè wólẹ̀! Igi wólẹ̀! Awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì láti wá wo ojú mi! Mo wá bi ara mi léèrè pé: kí ni àwọn ọmọ ìyá mi ní Gonzagueville ṣẹ̀, tí àwọn náà kò fi ní ọkọ̀ tí wọn yóò máa dá dúró láti kí mi?"

Cyrille, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti dìde kó tó parí. Iṣẹ́ méjì ni Cyrille ń ṣe nínú ẹgbẹ́: ó ń kọ ohun tí ààrẹ bá sọ sílẹ̀, ó sì ń sunkún ayọ̀ sí i. "Monsieur le Président," ló wí, "mo gbọ́ pé láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò ní Japan, oòrùn wọn kì í tètè yọ mọ́."

Alhaji Akim, igbá-kejì ààrẹ, ará Ẹjìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, na ọwọ́ sókè. "Ààrẹ, ọkọ̀ ojú irin orí òkè lẹ wí. Mo gbọ́ ọkọ̀, mo gbọ́ ojú irin. Òkè ńkọ́?"

"A ó mọ ọ́n."

"A ó mọ òkè?"

"Bí àwọn ènìyàn ṣe ń mọ ilé. Alhaji, ẹ má fi ọkàn kékeré bá ọ̀rọ̀ ńlá jà."

Akim kì í jà. Ó kàn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi àdéhùn kan sí i. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, bí ọkọ̀ bá gbé ìgbìmọ̀ àti àlejò dé orí òkè, kí Ààrẹ di Président à vie, ká má tún dìbò mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè. Bí ọkọ̀ kò bá dé òkè, lọ́jọ́ náà gan-an la ó yan ẹlòmíràn."

Gbogbo ilé hó yèè. Ohùn Casimir ló ga jù. Président à vie! Ó ti ń rí i lára ara rẹ̀ bí aṣọ tuntun.

Báyìí ni àwọn lọ́rì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ pupa wá sí orí iyanrìn funfun Gonzagueville. Òkè náà ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Casimir yan Directeur de la Montagne, ìbátan Cyrille kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo òkè láràárọ̀ kó sì kéde pé ó ti ga ju ti àná. Nígbà tí òjò ńlá dé, tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ ilé àwọn aládùúgbò, ọ̀gbẹ́ni yìí tún kéde pé ó ga ju ti àná. Casimir ní kí wọ́n fi rọ́bà bò ó títí òjò fi dá, ó sì sọ fún àwọn tí erùpẹ̀ wọ yàrá wọn pé kí wọ́n dúpẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní Abidjan tí òkè ń lọ kí nílé.

Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan láti Yopougon ló tẹ́ ojú irin. "Ibi méjì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró," ni Casimir ń tẹ̀ mọ́ ọn létí. "Awakọ̀ gbọ́dọ̀ dìde, kó gbé báàgì, kó rìn gba àárín èrò kọjá. Bí mo ṣe rí i ní Japan ni kó rí." Inú ẹnjiníà dùn. Kò tíì bá ààrẹ tó lóye igun Z tó báyìí pàdé rí. Ó tẹ́ Z kan tó dára. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, oníkálukú pẹ̀lú òye tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wàgọ́nù ló kù. Mẹ́ta ni wọ́n. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ààrẹ, wọ́n sì jó àga aláwọ̀ wúrà kan mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kó kọjú síwájú gbọn-in. Ìkejì jẹ́ ti àlejò àti ìgbìmọ̀. Ìkẹta, níbi tí eruku máa ń kó sí, jẹ́ ti àwọn tó kù, Casimir sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án fún Alhaji Akim. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣáájú Ààrẹ. Ẹnì kan wá rán an létí pé awakọ̀ ni yóò jókòó níwájú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí títí oúnjẹ fi tutù, kí Cyrille tó rí ojútùú: ojú Ààrẹ ni awakọ̀, ojú ènìyàn kì í sì í ṣáájú ènìyàn.

Ramatou ni ojú Ààrẹ yìí ń jẹ́, ọmọbìnrin kan tó ti wa ọkọ̀ ńlá rí ní pọ́ọ̀tù. Wọ́n dán ọkọ̀ wò, Casimir kò lọ, nítorí àgbà kì í wà níbi ìdánwò. Pauline ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Bàbá Ursule, ọkọ̀ yín yẹn máa ń fẹ̀yìn rìn níbì kan o."

"Nítorí mi ò sí nínú rẹ̀ ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ọkọ̀ pé. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ orí òkè yẹn ní Japan rán àlejò kan wá, Madame Sawada, obìnrin àgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ rí, tó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ Faransé. Ó rí ọkọ̀, ó tẹrí ba fún un. Casimir tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gba ìkíni náà.

"Ó tó, Madame. Ẹ dìde."

Nítorí pé ó bá a sọ̀rọ̀, Madame Sawada tẹrí ba fún òun náà.

"Ó tó, mo ní."

Ó tún tẹrí ba. Wọn ì bá wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí kì í bá ṣe Pauline tó fa ọkọ rẹ̀ ní apá aṣọ. Casimir wá sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó gba ọpẹ́ náà, ó ní òun kò ṣe é láti gba ìyìn, ó sì dúró títí ìyìn fi parí. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, Casimir gun àga wúrà, Ramatou fọn fèrè ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin orí òkè àkọ́kọ́ ní Gonzagueville sì gbéra.

Ó dára. Ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ìlà ìsàlẹ̀ dára. Àwọn obìnrin ń fi gèlè juwọ́ lójú fèrèsé. Casimir rí gbogbo ayé tó ń bọ̀ wá bá a láti iwájú, kò sí ẹnì kan láàárín òun àti rẹ̀. Ọkọ̀ dé igun kìn-ín-ní, ó dúró jẹ́jẹ́. Ramatou gbé báàgì rẹ̀, ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Tonton Président, ẹ kú ìrìn o."

Casimir gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà tó gbà gùn ju ìlà ìsàlẹ̀ lọ.

"Àmín, Tonton. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Kọjá lọ síbo? Iwájú ni mo fi ọ́ sí."

"Iwájú ti parí, Tonton. Ẹ wò ó." Ògiri erùpẹ̀ pupa ló dúró gọ̀gọ̀rọ̀ níwájú dígí ọkọ̀. "Ìdí ọkọ̀ ni mo ti máa wà á báyìí. On va reculer un peu, ká fẹ̀yìn rìn díẹ̀."

"Reculer?" Casimir dìde lórí àga. "Èmi? Àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà fún mi láàárọ̀ yìí pé mi ò ní padà sẹ́yìn láyé, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín, kí ìwọ wá fi ọkọ̀ sọ àdúrà wọn di òfo?"

"Díẹ̀ ni, Tonton. Lẹ́yìn náà a tún máa fi iwájú lọ."

Ọ̀rọ̀ kan sọ sí Casimir lọ́kàn. "Bí a bá fẹ̀yìn rìn, wàgọ́nù wo ló máa ṣáájú?"

Ramatou wo ilẹ̀. "Ìkẹta, Tonton."

"Ta ló wà nínú ìkẹta?"

Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wàgọ́nù kẹta náà ló dáhùn fúnra rẹ̀. Alhaji Akim ti yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó ń pariwo: "C'est comment? Báwo ni níwájú níbẹ̀?"

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì sí ìdí àga wúrà. Cyrille ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Monsieur le Président, ìṣòro kò sí. Ẹ pàṣẹ pé láti òní lọ, ẹ̀yìn ni iwájú, iwájú ni ẹ̀yìn. Bí a bá ti fẹ̀yìn rìn, iwájú la ń lọ."

Ojú Casimir mọ́lẹ̀. Ó ti na ọwọ́ láti pàṣẹ nígbà tí Pauline béèrè pé, "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni iwájú, ṣé kì í ṣe pé Alhaji Akim ló ti wà níwájú láti àárọ̀?"

Wọ́n pa àṣẹ náà rẹ́ kó tó jáde lẹ́nu.

Ẹlòmíràn ní kí ààrẹ lọ jókòó ní wàgọ́nù kẹta. Wọ́n wo àga wúrà, wọ́n rántí pé wọ́n ti jó o mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí Alhaji Akim bọ́ sí àkọ́kọ́, kí òun náà lè wà lẹ́yìn pẹ̀lú ààrẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i. Èsì rẹ̀ dé kíákíá: "Ẹ sọ fún Ààrẹ pé ibi tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi mí sí ni mo wà. Mi ò lè rú òfin rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Madame Sawada dá sí i pẹ̀lú sùúrù. Ó ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó wà níwájú máa ń di ẹni ẹ̀yìn, ó tún máa ń di ẹni iwájú, kò sì sẹ́ni tó ń bìkítà, nítorí odò ni wọ́n ń wò.

"Madame," ni Casimir dá a lóhùn tàánútàánú, "ìṣòro yín ni pé ẹ̀yin kò ní àṣà ìbọ̀wọ̀ fún àgbà."

Madame Sawada tẹrí ba, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Oòrùn ti mú, inú ọkọ̀ ti gbóná bí ààrò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gun òkè. Ìyá kan tẹ̀lé e. Alhaji Akim tẹ̀lé wọn. Láìpẹ́, gbogbo èrò wàgọ́nù kẹta àti ìkejì ti wà lórí òkè, wọ́n ń tú attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ẹja díndín tí wọ́n gbé wá. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ náà gbọ́ òórùn ẹja. Cyrille ló gbẹ̀yìn. Ó ní òun ń lọ wo bóyá òkè ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá ku Casimir lórí àga, Ramatou lẹ́nu ọ̀nà, àti ògiri erùpẹ̀.

Lókè, àwọn kan ní kí wọ́n dìbò kíá. Akim kọ̀. "Ẹ jẹ́ ká jẹun tán. Ọkọ̀ ṣì lè dé." Pauline kò jẹun. Ó sọ̀ kalẹ̀ padà lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ursule, kí lẹ ń wò?"

"Iwájú."

"Ògiri nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n iwájú ni."

Pauline jókòó sórí ilẹ̀ wàgọ́nù, nítorí wọn kò ṣe àga kejì síbẹ̀. Ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Wọn ò tíì dìbò. Ẹ sọ fún Ramatou pé kó máa lọ. Á fẹ̀yìn rìn fún ìwọ̀nba àkókò téèyàn fi ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Tó bá dé igun kejì, ẹ̀yin náà lẹ tún máa wà níwájú. Iwájú lẹ máa fi wọ orí òkè. Président à vie! Ohun tí ẹ ń lá lálàá láti ọjọ́ yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Casimir lára. Ó rí orí òkè lọ́kàn rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lórí àga wúrà, ó gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó ya ẹnu. Ramatou ti gbé báàgì. Lẹ́yìn náà Casimir pa ẹnu dé, ó tún ya á.

"Ìgbà tí a bá ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, Akim ló máa ṣáájú mi."

"Akim wà lókè, ó ń jẹ ẹja. Kò sẹ́nì kankan nínú wàgọ́nù kẹta. Ó ṣófo."

"Ó ṣófo?" Ojú Casimir ranko. "Pauline! Akim ì bá tilẹ̀ dáa. Akim lórúkọ. Ṣé òfìfo ni ẹ fẹ́ kó wá ṣáájú mi báyìí?"

Pauline wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ìkòkò tó ti fọ́. Ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó sì gun òkè lọ.

Wọ́n dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè fún Alhaji Akim, Cyrille sì na méjèèjì. Kí ọwọ́ tó balẹ̀, omi ti wà lójú rẹ̀: ó ní òun ti ń ṣàkíyèsí láti àárọ̀ pé òjìji Alhaji gùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Akim ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó bojú wo òjìji náà lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pe Ramatou lórí fóònù. Ó gbọ́ tán, ó yíjú sí ọkùnrin orí àga. "Tonton, wọ́n ti yan Alhaji. Yako." Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ yako fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Abidjan. "Nítorí náà, òfin yẹn ti tán. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sókè."

Ramatou rìn lọ sí ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ fẹ̀yìn rìn, Casimir di ojú. Kí ẹni tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti dé igun kejì. Ramatou padà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò kúnlẹ̀, ó kàn ní, "Pardon, Tonton," ó sì fi iwájú gun ìlà òkè. Bẹ́ẹ̀ ni Casimir Olútóyè ṣe wọ orí òkè Gonzagueville lórí àga wúrà, níwájú gbogbo ayé, ṣáájú ohun gbogbo tó ní ẹsẹ̀ irin. Àwọn ènìyàn hó. "Président à vie!" ni Cyrille fi igbe ta, kó tó rántí. Ó wo Akim, ó gbé itọ́ mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí àkókò àtisọ̀ kalẹ̀ tó, Casimir pe Ramatou sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, wàgọ́nù wo ló ń ṣáájú láti ibí?"

"Ìkẹta, Tonton."

Kò bá a jiyàn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín ojú irin méjèèjì, níwájú ọkọ̀. Kí ni Ramatou fẹ́ ṣe? Ó ń tẹ̀lé e ní ìrìn àgbà. Ó fọn fèrè. Casimir gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n kí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Vieux père, ẹ yà! Oúnjẹ alẹ́ ń dúró dè wá!" Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ odindi kan lẹ́yìn rẹ̀, ààrẹ tuntun lẹ́yìn rẹ̀, Japan lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì ṣáájú ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí rí.

"Bàbá Ursule!" Ohùn Pauline ni. Kò pariwo. "Ẹ yà fún wọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Ó rìn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó yà. Ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ dúró ní igun kejì, kí Ramatou lè pààrọ̀ ìdí. Nígbà tí Casimir fi máa dé ibẹ̀, Pauline ti ṣí ilẹ̀kùn wàgọ́nù kẹta sílẹ̀ dè é.

"Níbo ni mo máa jókòó sí?"

"Ibi tó bá ṣófo."

Ó jókòó sórí pákó láàárín agbọ̀n àti àwọn ọmọ tó ti sùn. Bàtà rẹ̀ pọ́n fún erùpẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, wàgọ́nù kẹta sì di ẹ̀yìn pátápátá. Àánú rẹ̀ ṣe aránṣọ kan tó ń jẹ́ Mélanie, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tonton, ẹ má banújẹ́," ló wí. "Tí a bá dé igun ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tún máa yí padà. Wàgọ́nù tiwa yìí ló máa ṣáájú wọlé."

Casimir gbé orí sókè. Ó wo Mélanie, ó wo àwọn agbọ̀n, ó wo àwọn ènìyàn orí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni?" ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàgọ́nù yìí, ṣé ẹ ti yan ààrẹ?"